Ẹni Tó Ń Ṣa Ìrẹsì ní Yàrá Físíìsì

Àwọn ará yunifásítì tó mọ Ògúnbíyìí fẹ́ràn láti máa sọ pé ó gbọ́ físíìsì ju àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Irọ́ ni. Ògúnbíyìí kò kàwé kọjá ọdún méjì ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sì díbọ́n rí pé òun kà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó mọ̀ ni kọ́kọ́rọ́ mẹ́tàdínlógún tó so mọ́ bẹ́líìtì rẹ̀, pátákó tó ṣeé nù àti èyí tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, àti bí èèyàn ṣe ń fi ojú lásán ya hóró ìrẹsì tó pé kúrò lára èyí tó ṣẹ́. Ìmọ̀ kẹta yìí ló ba ayé rẹ̀ jẹ́.

Treichville, ní Abidjan, ni wọ́n bí i sí, lọ́dún 1953. Bàbá rẹ̀ ti Èjìgbò wá ta aṣọ, ó tà á títí ó fi kú, kò sì padà sílé. Ògúnbíyìí náà gbìyànjú aṣọ, kò mọ̀ ọ́n tà. Ó bá àwọn kan kọ́lé fúngbà díẹ̀. Lọ́dún 1999 ẹnì kan mú un wọ yunifásítì kan lójú ọ̀nà Bingerville, wọ́n ní kó máa tọ́jú yàrá ìwádìí físíìsì, èyí tí gbogbo wọn ń pè ní labo. Bingerville náà ló ń gbé, nínú yàrá kan àti pálọ̀, òun àti Ràmúlátù ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú Jẹ̀mílà, ọmọ ọmọ wọn. Azizatou, ìyá Jẹ̀mílà, ti bá ọkọ tuntun lọ sí Cotonou nígbà tí ọmọ náà wà lọ́mọ ọdún méjì. Kò sẹ́ni tó ń retí rẹ̀ mọ́.

Labo náà pín sí méjì. Apá kan jẹ́ ti àwọn tó ń ṣèwádìí kúáńtọ́mù, ìyẹn ìwà àwọn nǹkan tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a kò lè sọ pé ibi báyìí ni wọ́n wà títí a ó fi wò wọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n Idrissa, olórí labo, ló ń darí wọn. Ẹ̀rọ tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ kò sí lọ́wọ́ wọn, nítorí náà ṣọ́ọ̀kì, pátákó àti kọfí ni wọ́n fi ń ṣe é. Apá kejì ń ṣèwádìí àwọn nǹkan dídíjú, ohun tó ní ẹ̀yà púpọ̀ tí kò sí ọ̀gá tó ń pàṣẹ fún wọn: ọjà, iná igbó, ilẹ̀ tó ń mì. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà ní apá yìí, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Adéfọlákẹ́.

Adéfọlákẹ́ dé lọ́dún 2006, ó jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Ọmọ Èjìgbò lòun náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dé Èjìgbò rí. Àlàkẹ́, ìyá rẹ̀, ń ta abọ́ ike ní àdúgbò Siporex. Oyè dókítà ni Adéfọlákẹ́ ń wá, ìrẹsì ló sì fi ń wá a.

Ó to dígí méjì sí ara wọn, ó fi àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín, ó fi ṣe àpótí. Láti òkè, á jẹ́ kí hóró kan bọ́, á dúró, á kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, á tún jẹ́ kí òmíràn bọ́. Òkìtì ń ga. Tó bá ga dé ibì kan, hóró kan á bọ́ lé e, nǹkan kan ò ní ṣẹlẹ̀. Òmíràn á bọ́, méjì á yí. Òmíràn tí kò wúwo jù wọ́n lọ á bọ́, ẹ̀gbẹ́ òkìtì á sì ya lulẹ̀ pátápátá. Ìbéèrè tẹ́ẹ̀sì rẹ̀, ìwé ìwádìí tí yóò fi gba oyè náà, ni pé: ṣé èèyàn lè mọ èyí tí yóò wó o? Hóró ọ̀kẹ́ márùn-ún ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kó kà kó tó dáhùn.

Rachid, ọmọ Yorùbá àdúgbò Gonzagueville tó wà lápá kúáńtọ́mù, kì í lè kọjá lẹ́nu ọ̀nà kó má sọ̀rọ̀.

"La go, àwa ń wá ohun tó wà nínú átọ́mù, ìwọ ń da ìrẹsì. Ṣé maquis lo fẹ́ ṣí ni, ká máa wá jẹun?"

"Tí mo bá ṣí i, kúáńtọ́mù ni màá bù fún ẹ. O ò ní mọ̀ bóyá ẹran wà nínú abọ́ ẹ."

"Vieux père, ẹ gbọ́ nǹkan tó ń wí?"

Ògúnbíyìí kò gbójú sókè nínú ìrẹsì tó ń kà. "Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀. Mo ti dé cent quarante-deux."

Hóró tó ṣẹ́ ń ba ìwádìí náà jẹ́, torí kì í yí bí èyí tó pé. Nítorí náà, gbogbo àpò tí wọ́n bá rà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣà á. Adéfọlákẹ́ ń lo ẹ̀mú kékeré. Ògúnbíyìí ń lo ìka, ó sì yá jù ú lọ. Èyí tó pé ń lọ sínú àpò tí wọ́n kọ A sí, èyí tó ṣẹ́ ń lọ sínú àpò aṣọ funfun kan tí Adéfọlákẹ́ fi yíǹkì pupa kọ B gàdàgbà sí. Ní ọjọ́ Jímọ̀, B ń bá Ògúnbíyìí lọ sílé.

"Bàbá, B yín rèé."

"Ọlọ́run á jẹ́ kó máa ṣẹ́ sí i, ọmọ mi."

Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ràmúlátù ń sè é pẹ̀lú ẹja gbígbẹ. Jẹ̀mílà ń pè é ní ìrẹsì labo, ó sì sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ pé àwọn dókítà kọ́kọ́ máa ń ka oúnjẹ ilé àwọn kí àwọn tó jẹ ẹ́.

Ní November 2010, eku wọ àpótí dígí. Hóró tí Adéfọlákẹ́ ti kà ti lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ Ajé, ihò ti wà láàárín òkìtì, ìgbẹ́ eku sì wà lórí ìwé. Gbogbo òǹkà ọdún náà ṣòfò.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Idrissa kò gbóhùn sókè. Ó ní, "Mademoiselle, ọdún karùn-ún rèé. Tí 2011 bá parí láìgbèjà tẹ́ẹ̀sì yìí, orúkọ rẹ á kúrò nínú ìwé wa, kò sì ní padà. Ó dà bíi pé ìyá rẹ ní abọ́ tó pọ̀ tó tí ó lè fún ẹ tà."

"Àwọn eku ńkọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n?"

"Eku kì í ṣe físíìsì. Wá nǹkan ṣe sí i. Má sọ nǹkan tí o ṣe fún mi."

Ìdí wà tí kò fi fẹ́ gbọ́. Lọ́dún tó ṣáájú, ajá ọlọ́dẹ kan jẹ oògùn eku nínú ilé náà, ó kú, àwọn aláṣẹ sì kìlọ̀ pé yàrá tí wọ́n bá tún ti rí oògùn, àwọn á tì í pa. Adéfọlákẹ́ mọ òfin yìí dáadáa. Ní January 2011, ó ra ìyẹ̀fun kan ní Siporex lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń ta oògùn fún àwọn olóko kòkó. Nínú ọ̀rá lásán ni wọ́n dì í sí, kò ní orúkọ.

"Eku tó bá tọ́ ọ wò, kò ní mọ̀nà ilé ẹ̀ mọ́," ni ọkùnrin náà wí.

Ó po gbogbo ìrẹsì labo pọ̀ mọ́ ọn. Ó pò ó mọ́ èyí tó ṣẹ́ náà, ìlọ́po mẹ́ta, torí òun ló ń wọ́n sí ẹsẹ̀ ògiri láti fi dẹ eku. Inú àpò funfun yẹn kan náà ló kó o sí. Kò pa lẹ́tà pupa tó wà lára rẹ̀ rẹ́. Ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣì wà, ọjọ́ náà wà níbẹ̀: 14 January, gbogbo rẹ̀ ti gba oògùn, eku méjì.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Ògúnbíyìí na ọwọ́ sí B bó ṣe máa ń ṣe.

"Bàbá, ẹ má bínú o. B ò ní máa lọ sílé mọ́."

"Kí ló dé?"

"Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ká máa wọn àwọn tó ṣẹ́ náà. Tí gíráàmù kan bá dín, ìṣirò mi ti bàjẹ́ nìyẹn."

"Àwọn tí mo ti jẹ láti ọdún mẹ́rin ńkọ́?"

"Ìyẹn ti kọjá."

Ògúnbíyìí rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Físíìsì! Ẹ ka èyí tó pé tán, ó wá kan èyí tó ṣẹ́. Ó dáa. Tẹ́ẹ̀sì ẹ ṣáájú ikùn mi."

Àlàyé Adéfọlákẹ́ lẹ́yìn náà ni pé ẹnu Bàbá kò ní kọ́kọ́rọ́: gbogbo ẹni tó bá pàdé ló ń kí, gbogbo ẹni tó bá kí ló ń ròyìn fún, ọ̀rọ̀ oògùn náà ì bá dé etí àwọn aláṣẹ kó tó di ọjọ́ kejì. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Kò dán an wò.

Eku ń kú, òǹkà ń lọ tọ̀sán-tòru. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù March, Adéfọlákẹ́ ju hóró tó kẹ́yìn. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ogun ìdìbò tó ti ń rú láti oṣù mélòó kan wọ àárín Abidjan gan-an. Ó kó ìwé rẹ̀, ó gba Siporex lọ bá ìyá rẹ̀, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Wọ́n ń yìnbọn ní òpópó. Àwọn ọ̀dọ́ tó gbé ìbọn dúró sí oríta, wọ́n ń béèrè orúkọ, orúkọ tí kò bá sì tẹ́ wọn lọ́rùn, ẹni tó jẹ́ ẹ kì í kọjá.

Ní Bingerville, ọjà ti pa. Attiéké kò sí, búrẹ́dì kò sí. Ràmúlátù lọ sọ́dọ̀ Jùlà tó ń ta oúnjẹ ní ìkóríta, ọkùnrin náà na ọwọ́ méjèèjì tó ṣófo sí i: "Foyi tè." Ní ọjọ́ kẹfà, ó kọjú sí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Azizatou, ìrẹsì wà ní labo yẹn."

"Ti ìwádìí ni."

"Èyí tó ṣẹ́ ńkọ́? Ṣé òun náà ń gba oyè dókítà ni?"

"Wọ́n ń wọ̀n ọ́n."

"Kí wọ́n wá wọn ọmọ yìí náà wò, kí wọ́n sọ fún mi bóyá ó ti fúyẹ́ tó."

Ògúnbíyìí kò ní kírédíìtì lórí fóònù. Ó fi bíìpù ránṣẹ́ sí Adéfọlákẹ́ kó lè pè é padà, kó gbàyè lọ́wọ́ rẹ̀: ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kẹta. Adéfọlákẹ́ rí i ní ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ló kù lórí fóònù tirẹ̀, kò sì sí ibi tí wọ́n ti ń ta kírédíìtì ní Siporex lọ́jọ́ yẹn. Ó rò pé kíkí lásán ni Bàbá fẹ́ kí òun. Ó fi ìṣẹ́jú mẹ́rin náà pe Ọ̀jọ̀gbọ́n Idrissa, ó bi í bóyá ọjọ́ ìgbèjà tẹ́ẹ̀sì ṣì dúró.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ògúnbíyìí gba inú igbó rìn dé yunifásítì, wákàtí kan àti díẹ̀. Ó ṣí labo. Àpò A kún fún hóró tó pé, ó lé ní kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọn ì bá jẹ ẹ́ kọjá àárín oṣù náà kó tó tán. Kò fọwọ́ kàn án, torí tẹ́ẹ̀sì ọmọ ọlọ́mọ ni. B ló gbé, èyí tó ti jẹ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ kó tó gbé e jáde, ó gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó sì fi pẹ́ńsùlù kọ nọ́ńbà tó rí sórí bébà kan, kó lè dá a padà bó ṣe bá a: 2400.

Ràmúlátù ní ó ń rùn bíi kọ́bọ́ọ̀dù. Omi mẹ́rin ló fi fọ̀ ọ́.

Nígbà tó jinná, Ògúnbíyìí wo ìkòkò, ó rí i pé bí àwọn mẹ́ta bá jẹ ẹ́, kò ní kọjá ọ̀la. Ó ní, "Ẹ jẹun. Mo ti jẹ ní labo." Ó gbé kẹ́ẹ̀gì, ó lọ tò fún omi.

Jẹ̀mílà ni àìsàn kọ́kọ́ mú. Nígbà tí bàbá àgbà rẹ̀ fi máa dé, ọmọ náà ti bì títí, ẹnu rẹ̀ ń yọ ìfófòó, ojú rẹ̀ kò sì rí ẹni tó wà níwájú rẹ̀ mọ́. Ràmúlátù gbé e lé itan, òun náà ń gbọ̀n. Ilé ìwòsàn ti tì. Ọ̀kan nínú àwọn aládùúgbò tó ti ṣe nọ́ọ̀sì rí wá wò wọ́n lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Ó ní omi kànga ni, ó ti rí irú rẹ̀ nílé méjì lọ́sẹ̀ yẹn. Ọmọ náà kú kí oòrùn tó yẹ̀ lórí. Ràmúlátù pẹ́ díẹ̀ sí i, ó sì mọ̀ pé ọmọ ti kú, torí ó ń béèrè ìdí tí wọ́n fi gbé e kúrò lẹ́sẹ̀ òun. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n sin àwọn méjèèjì. Ògúnbíyìí da oúnjẹ tó kù sí ṣáláńgá. Kò tọ́ ọ wò.

Kò sí dókítà tó yẹ̀ wọ́n wò. Kò sí bébà kankan tó sọ ohun tó pa wọ́n. Ẹni tó bá sọ pé òun mọ ohun tó pa gbogbo ẹni tó kú ní Abidjan lóṣù yẹn ń tan ara rẹ̀ ni.

Ní June, ọ̀nà ti là. Adéfọlákẹ́ padà sí labo. Wọn kò já àgádágodo. A wà níbẹ̀, B kò sí. Èèyàn kan ṣoṣo ló ní kọ́kọ́rọ́ yẹn yàtọ̀ sí i. Ó wọ gbaka lọ sí Bingerville lójú ẹsẹ̀, àwọn ará àdúgbò sì ti sọ fún un kó tó dé ẹnu ọ̀nà pé ilé ti ṣófo.

"Bàbá, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè."

"Ó ti ṣẹlẹ̀, ọmọ mi. Jókòó. Kò sẹ́ni tó máa bu omi fún ẹ, jẹ́ kí n bù ú wá."

"Kí ló ṣe wọ́n?"

"Wọ́n ní omi ni."

"Kí ni wọ́n jẹ lọ́jọ́ náà?"

Ògúnbíyìí wo ilẹ̀. "Ìrẹsì. Aládùúgbò kan ló fún wa."

Okùn aṣọ wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú ọgbà. Àpò funfun kan wà lórí rẹ̀, wọ́n ti fọ̀ ọ́, lẹ́tà pupa náà ti ṣí díẹ̀. Adéfọlákẹ́ tẹjú mọ́ ọn. Ògúnbíyìí rí ibi tó ń wò. Ó dìde, ó ká àpò náà kúrò lórí okùn, ó ṣẹ́ ẹ po, ó sì jókòó lé e lórí. 

Adéfọlákẹ́ ní, "Ọlọ́run á tù yín nínú." Ó kúrò níbẹ̀, omi tí wọ́n bù fún un ṣì kún inú ife.

Adéfọlákẹ́ gbà pé Bàbá ti mọ̀ nípa oògùn náà. Bàbá gbà pé ó ti mú òun ní olè. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi sá fún ara wọn, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀.

Ìgbèjà tẹ́ẹ̀sì wá bọ́ sí December, ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìparí ọdún, nínú kíláàsì tí wọ́n yá ní lycée kan, ilé-ẹ̀kọ́ girama, ní Bingerville. Adéfọlákẹ́ gbé àpótí dígí àti òṣùwọ̀n sórí tábìlì kí àwọn ìgbìmọ̀ lè rí i. Àlàkẹ́ ìyá rẹ̀ jókòó síwájú. Adéfọlákẹ́ ti ń sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí, tí Ògúnbíyìí wọlé. Kóòtù tó wọ̀ lọ sí ìsìnkú ló wọ̀. Ó jókòó sí ìlà tó kẹ́yìn, ó sì gbé B sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Àpò náà kún.

Adéfọlákẹ́ nawọ́ sí ife. Ó mu omi. Ó tún mu omi.

Ọ̀kan nínú àwọn ìgbìmọ̀, ìyá kan tó ń jẹ́ Kadidja, tó wá láti Cotonou, ló béèrè ìbéèrè tó kẹ́yìn. "Nígbà tí òkìtì bá wó, hóró wo ló jẹ̀bi?"

"Kò sí hóró tó jẹ̀bi, Madame. Òkìtì ti múra àtiwó kí hóró tó kẹ́yìn tó dé. Ó kàn bá a bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹni tó ń jù ú ńkọ́?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Adéfọlákẹ́ dúró kí ẹ̀rín náà rọlẹ̀. "Ẹni tó ń jù ú kò sí nínú ìṣirò," ó dáhùn.

Wọ́n fún un ní oyè náà, pẹ̀lú ìyìn. Ògúnbíyìí pàtẹ́wọ́ ju gbogbo èèyàn lọ. Lẹ́yìn náà ó gbé àpò rẹ̀, ó gba àárín àwọn tó ń yà fọ́tò kọjá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dọ̀bálẹ̀ níwájú ọmọ tí òun lè bí.

"Bàbá, ẹ dìde! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

"Jẹ́ kí n sọ ọ́ ná. Èmi ni mo jí B. O sì rí i lọ́jọ́ yẹn, o ò bú mi. Ìyàwó mi ló ní kí n lọ mú un, àmọ́ kì í ṣe ẹjọ́ ẹ̀, òun ti lọ. Mo wọ̀n ọ́n kí n tó gbé e. Deux mille quatre cents." Ó fi bébà náà hàn án. "Mo ti ra òmíràn, mo ti ṣà á. Kò sí èyí tó pé níbẹ̀. Má jẹ́ kí wọ́n gba oyè yẹn lọ́wọ́ ẹ torí mi."

"Vieux père, y'a fohi, kò sí wàhálà!" Rachid ń rẹ́rìn-ín. "Ta ló ń wọn ìrẹsì tó ṣẹ́?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n Idrissa wo lẹ́tà pupa ara àpò náà, ó wo Adéfọlákẹ́, ó sì yí padà láti nu dígí ojú rẹ̀.

"À ń wọ̀n ọ́n," ni Adéfọlákẹ́ dá Rachid lóhùn. Ó gba àpò náà, ó gbé e sórí òṣùwọ̀n.

Ògúnbíyìí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ka nọ́ńbà. Deux mille trois cent quatre-vingt-dix-huit. Gíráàmù méjì dín. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, ó wá rántí, ó ki ọwọ́ bọ àpò kóòtù rẹ̀, ó mú ẹ̀kúnwọ́ ìrẹsì jáde, èyí tó ti fi pamọ́ nítorí irú ẹ̀. Ó ń jù ú sínú àpò ní hóró kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é ní labo, títí nọ́ńbà fi yí padà.

"Ṣé ó pé báyìí?"

Adéfọlákẹ́ ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ó wá ojú ewé January, ó sì kọ nọ́ńbà náà sábẹ́ ìlà ọjọ́ kẹrìnlá, níbi tó kọ oògùn àti eku méjì sí, ó fọwọ́ sí i.

"Ó pé, Bàbá. Mo ti dárí jì yín."